Lẹ́tà Tó Ń Sáré Tòun Tẹrù Lórí

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹjọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa tó wà ní ọdún kejì kọ ewì kan sí bàbá rẹ̀. Òun àti bàbá náà kò bára wọn sọ̀rọ̀ fún bí ọdún méjì. Ìlà mẹ́rìnlá péré ni ewì ọ̀hún, kò sí ariwo kankan nínú ẹ̀, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní “Ẹ̀bẹ̀”. Èmi ni mo máa ń tẹ ìwé wa lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo yín mọ̀. Mo wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá wà lórí ojú ewé yẹn, mo ní rárá, èyí ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Mo mú Arial, mo tẹ B, mo tẹ I, mo sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá pátápátá. Lójú kọ̀ǹpútà, ó dùn ún wò. Mo tilẹ̀ yin ara mi. Ìgbà tó máa fi jáde lẹ́nu ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, àmì orí rẹ̀ ti parẹ́, àmì abẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ohun tó kù síbẹ̀ ò ju EBE lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá síbi tí a ti ka ìwé náà sétí ara wa ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ọmọbìnrin yìí tó lanu, ẹnì kan ti ké láti ẹ̀yìn pé, “Ṣé ẹja wà nínú ẹ̀bẹ yẹn?” Ilé dàrú. Ẹlòmíì ní rárá o, ebè ni, ọmọ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ ọ́, iṣu ló fẹ́ gbìn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní parọ́. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ká ìwé ẹ̀, ó jókòó. Nígbà tí a ń tú ká ló wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwé yẹn ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé o. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ránṣẹ́ báyìí?”

N ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo lẹ́tà bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, a máa ń yẹ ewì wò, a máa ń yẹ eré wò, a máa ń fa ìtàn ara wa ya bí ẹni fa aṣọ ya. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń yẹ lẹ́tà tí a fi tẹ̀ wọ́n wò. Ìyẹn ni mo fẹ́ ṣe lónìí. Lẹ́tà tí mo fẹ́ pè lẹ́jọ́ ni èyí tó dúdú, tó tẹ̀ síwájú, tí kò sì wọ bàtà.

Kí ni mo pè ní bàtà? Ẹ wo Times New Roman dáadáa. Ẹ óò rí i pé ìdí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìlà kékeré kan tó fi tẹlẹ̀, bí ẹni wọ bàtà. Orí rẹ̀ náà ní tiẹ̀. Ẹ wá wo Arial. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Ọdún 1816 ni irú lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ lásán yìí kọ́kọ́ jáde fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́wọ́ William Caslon kẹrin, lẹ́tà ńlá nìkan ló sì ní. Lẹ́tà tó tẹ̀ ti dàgbà jù ú lọ fíìfíì. Ní Fẹ́níìsì, nílẹ̀ Ítálì, Francesco Griffo ló gbẹ́ ẹ fún Aldus Manutius tó jẹ́ òǹtẹ̀wé, nígbà tó sì di 1501, odidi ìwé kan ti jáde nínú rẹ̀. Ọwọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà fi ń kọ̀wé ni wọ́n wò ṣe é. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ohùn ẹni tó jókòó ti fìtílà. Ti dídúdú ní tirẹ̀, ìlẹ̀kùn ọjà ló ti wá: àwọn tó ń tẹ pósítà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló sọ lẹ́tà di kìtìkìtì, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i láti òdìkejì títì.

Nítorí náà nígbà tí a bá tẹ B tí a tẹ I lórí Arial, ọ̀mọ̀wé kan àti alátẹ méjì la kó sínú yàrá kan. Ta lẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ dákẹ́?

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ kọ lẹ́tà a pẹ̀lú Times New Roman, kí ẹ sì tẹ I. Lẹ́tà náà máa yí padà pátápátá, á di bíi ti ìwé ọwọ́. Lẹ́tà f máa na ìrù sísàlẹ̀. Ó ti di ẹlòmíràn. Ẹ wá ṣe bákan náà fún Arial. Kò sí ohun tó yí padà. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n tì, tó wá fì síwájú ní nǹkan bíi dígírì 12. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́tà kì í pe irú èyí ní italic gidi, oblique ni wọ́n ń pè é. Ohùn ọ̀mọ̀wé ti kú níbẹ̀, ìtẹ̀síwájú nìkan ló kù. Ẹ wá gbé ìwúwo lé e lórí. Ohun tí ojú mi ń rí ni alábàárù tó ń sáré nínú ọjà, ẹrù lórí, ara níwájú, tó ń pariwo “ẹ yà, ẹ yà!” Ìwà lẹ́tà yìí nìyẹn. Kì í ṣe ìwà burúkú o. Ẹni tó bá wà lọ́nà gbọ́dọ̀ yà.

Ìdí nìyẹn tó fi kún ara ògiri wa. Ẹ wo pósítà àwọn tó ń du ipò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ olùdíje máa ń tẹ̀ síwájú bíi pé ó ti ń sáré lọ ṣèbúra. Ẹ wo ti ìṣọ́ òru, ẹ wo ti àwọn tó ń kọ́ni ní lẹ́sìnnì alẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Gbogbo wọn ń sáré. Nígbà tí gbogbo ògiri bá ń sáré báyìí, ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ ni ojú ń lọ bá, àmọ́ ẹ ò lè sọ ìyẹn fún olùdíje.

Ẹni tí mo rí tó mọ lẹ́tà yìí lò jù ni Barbara Kruger, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Newark lọ́dún 1945. Kó tó di gbajúmọ̀ ayàwòrán, ó ti ṣiṣẹ́ nídìí ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan, Mademoiselle, níbi tó ti ń to fọ́tò àti ọ̀rọ̀ sójú ewé. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà fa ojú oníbàárà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, ó mú fọ́tò dúdú àti funfun láti inú àwọn ìwé àtijọ́, ó gé e, ó fa ọ̀já pupa kọjá lórí rẹ̀, ó wá fi lẹ́tà funfun kọ gbólóhùn kan sínú ọ̀já náà. Futura dúdú tó tẹ̀ síwájú ni lẹ́tà tí a mọ̀ mọ́ ọn jù. Èyí tó ṣe ní 1989, fún ìwọ́de tí àwọn obìnrin ṣe ní Washington lórí òfin oyún ṣíṣẹ́, ojú obìnrin kan ló wà níbẹ̀, tí ìlà kan pín sí méjì látòkè délẹ̀. Apá kan rí bí fọ́tò ṣe ń rí, apá kejì dà bí fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀, ibi funfun dúdú, ibi dúdú funfun. Lẹ́tà náà sọ fún un pé ara rẹ̀ ti di pápá ogun.

Kí ló dé tó fi wọni lára? Mo ti wò ó títí. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò pọ̀. Alábàárù ò lè sáré títí dé Ìlọrin, ó níbi tí ẹ̀mí rẹ̀ mọ. Yàtọ̀ síyẹn, “ìwọ” ló ń bá wí, kò bá “àwọn” sọ̀rọ̀, ojú rẹ ló ń wò. Àmọ́ ohun tó wú mi lórí jù ni pé ojú obìnrin yẹn dúró digbí, kò mira, lẹ́tà nìkan ló ń rìn. Tí fọ́tò náà bá tún ń sáré, àwa tí à ń wò ó ni orí máa fọ́. Ọgbọ́n mìíràn tún wà nínú rẹ̀: ọ̀nà ọ̀fun àwọn tó ń polówó ọjà ló yá, ohun tó sì fi í sọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà. Ó dà bí ẹni tó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ alágbo nínú ọjà, tó wá bèèrè pé ta ló ń jẹ èrè.

Futura fúnra rẹ̀ kì í ṣe aláriwo láti ilé. Paul Renner ló yà á, ilé iṣẹ́ Bauer ní Frankfurt nílẹ̀ Jámánì sì gbé e jáde ní 1927. Lẹ́tà o rẹ̀ rí róbótó. Àwo irin tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ lórí òṣùpá ní 1969, Futura ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, lẹ́tà ńlá tó dúró ṣánṣán. Kò sí ariwo níbẹ̀. Ìdílé kan náà ni, ọmọ kan dúró sórí òṣùpá, ọmọ kejì ń sáré nínú ọjà.

Ọjà náà ló sì padà sí. Ní 1994, James Jebbia ṣí ilé ìtajà kan sí New York, ó pè é ní Supreme. Àmì wọn ni àpótí pupa, lẹ́tà funfun nínú rẹ̀, Futura tó wúwo tó sì tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ Kruger ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Ní 2013, Supreme pe obìnrin kan tó ń rán aṣọ tà lẹ́jọ́, nítorí pé ó fi àmì wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Oníròyìn lọ bi Kruger léèrè, ó sì fèsì lọ́rọ̀ ṣókí, ó fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tọ́ sí wọn jàre. Ní tèmi, àpótí pupa yẹn ò já mọ́ nǹkan kan gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà. Ó pariwo, ó sáré, nígbà tó wá débẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ló dá. Èyí tó kún inú òkìrikà wa náà ń dá orúkọ kan náà. (Ẹni tó bá wọ tiẹ̀ wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, kó má bínú. Mo ní ọ̀kan rí.)

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa tí à ń kọ Yorùbá. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí Kruger ń lò, ẹrù ìwúwo nìkan ló rù. Tiwa ní àmì lórí, ó ní àmì lábẹ́. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àmì abẹ́ ti wà nínú àkọtọ́ wa. Àwọn tó pàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a óò ṣe máa kọ èdè yìí ti jókòó lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà tó dúró, àmì orí mọ ibi tó máa jókòó sí, àárín gbùngbùn orí ni. Tí lẹ́tà bá ti tẹ̀, orí ti kúrò lókè ẹsẹ̀. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ tún ibi ìjókòó náà wọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì á bọ́ sí èjìká tàbí kó lọ gún lẹ́tà kejì lójú.

Kọ̀ǹpútà náà ní tiẹ̀. Nínú ètò Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn, nítorí àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n. Àmọ́ ẹ tó tún gbé àmì ohùn lórí ò ní ààyè kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́tà kan àti àmì kan la máa ń so pọ̀. Tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ò bá sọ bí wọ́n ṣe máa so pọ̀, kọ̀ǹpútà á ṣe é bó ṣe wù ú, tàbí kó lọ yá lẹ́tà náà nínú fọ́ǹtì mìíràn, kí ọ̀rọ̀ kan wọ aṣọ méjì. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé fọ́ǹtì, èyí tó dúró ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tọ́jú. Èyí tó dúdú tó sì tẹ̀ ni àbíkẹ́yìn, nígbà tó bá fi máa kàn án, owó ti tán nílé.

Mo lọ ṣe ìdánwò. Mo tẹ “Ẹ̀bẹ̀” ní oríṣiríṣi ọ̀nà sórí bébà kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àǹtí tó ń ṣe fọ́tókọ́pì fún wa. Mo ní kó ṣe é, kó tún ṣe ẹ̀dà ti ẹ̀dà, kó tún ṣe ẹ̀dà tìyẹn. Ó wò mí títí. Ó ní, “Bọ̀dá, ṣé owó ń yún yín ni?” Ohun tí mo rí rèé. Times New Roman tó dúró pa àmì rẹ̀ mọ́, àmọ́ nígbà tó di ẹ̀dà kẹta, àwọn ìlà rẹ̀ tín-ín-rín ti ń já. Níbí, mo gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ lásán: ó lágbára lẹ́nu ẹ̀rọ ju oníbàtà lọ, ara rẹ̀ ki, kì í já. Arial dúdú tó tẹ̀ ni ojú tì. Ẹ̀bu dúdú tí ẹ̀rọ yẹn ń fi tẹ̀wé máa ń ràn, ó máa ń wú lórí bébà díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀dà bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ihò inú e kékeré ti dí. Àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà àti àmì abẹ́ rẹ̀ ti pàdé. Àmì orí lẹ́tà ńlá ti di àbàwọ́n. Mo gbìyànjú Noto Sans tí Google fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó dúdú tó sì tẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì jókòó síbi tó yẹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Lẹ́nu ẹ̀rọ, ní ẹ̀dà kẹta, àmì abẹ́ rẹ̀ náà ti lẹ̀.

Àǹtí yìí fi èékánná tọ́ka sí èyí tó dúró. Ó ní, “Ẹ fi èyí ṣe é. Àwọn tó ń fì yẹn, wọ́n kàn ń mu íńkì ni.”

Mo tún fà á tóbi dé 48. Gbogbo àmì yọ! Ẹ̀ gbé àmì rẹ̀ lórí, ẹ gbé tirẹ̀ sábẹ́, kò sẹ́ni tó máa pè é ní oúnjẹ. Inú mi dùn títí mo fi gbé bébà náà sí ẹ̀gbẹ́ ewì ọmọbìnrin yẹn, tí mo wá ka ewì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí ní tòótọ́. Ìlà mẹ́rìnlá yẹn, ọmọ kan ló ń rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń bó ọsàn láì já èèpo rẹ̀. Kò bẹ bàbá ní tààràtà níbì kankan, àfi lórí àkọlé. Èmi wá gbé àkọlé ìdìbò lé e lórí. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í sáré, kì í sì í ní kí ẹni tó ń bẹ̀ yà lọ́nà. Ó máa ń kúnlẹ̀ ni, á máa wolẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì pa gbogbo àmì mọ́ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín lóòótọ́, àmọ́ ohùn tí bàbá yẹn máa kọ́kọ́ gbọ́ lórí ojú ewé, ohùn ẹni tó wá bá a jà ni. Mo ti ń di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Kí ẹ̀rọ tó ṣe tiẹ̀ ni mo ti ṣe tèmi, nítorí pé mo rò pé ohun tó bá kéré ò lágbára.

Mi ò sọ pé ká lé lẹ́tà yìí jáde. Ẹ rántí ewì tí a tẹ̀ nígbà tí omi ò yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí OMI dá dúró láàárín ẹsẹ kan àti èkejì, tó dúdú, tó tẹ̀, tó ń sáré gan-an bí ẹni gbé korobá. Mo ṣì gbà pé ohun tó dára jù tí mo tẹ̀ rí nìyẹn. Lẹ́tà mẹ́ta ni, kò ní àmì lórí, kò ní lábẹ́, ìjà sì wà nínú ẹ̀. Lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ bára wọn mu níbẹ̀.

Èyí tí mi ò fẹ́ rí mọ́ ni ti àwọn tó ń kọ ewì Gẹ̀ẹ́sì nínú wa. Tí wọ́n bá ti kan ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, wọ́n á ní kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ síwájú kí n sì sọ ọ́ di dúdú. Ọmọ Ọ̀ṣun kọ àmàlà nínú ewì, àmàlà wá ń fì láàárín ìlà bí àlejò tó ru ẹrù wọlé. Àlejò ta ni? Ẹni tó ń ka ìwé wa ti jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Tí ẹ bá fẹ́ kó hàn pé Yorùbá ni, ẹ fún un ní àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó dúró bíi tàwọn yòókù. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi fa èyí, ẹ kọ èsì yín wá, màá tẹ̀ ẹ́.

A ti tún ewì náà tẹ̀ sínú ìwé yìí, ojú ewé kẹsàn-án ni. Àkọlé rẹ̀ dúró, lẹ́tà kékeré ni lẹ́yìn Ẹ tó ṣáájú, ìwọ̀n rẹ̀ ò ju ti ewì fúnra rẹ̀ lọ. Mo tún fi bírò tẹ àmì orí rẹ̀ lára ẹ̀dà àkọ́kọ́ kó tó dọ́dọ̀ àǹtí, nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ mọ́. Ọmọbìnrin náà ti wá gba ẹ̀dà méjì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ó fi ọ̀kan sínú àpò ìwé fífẹ̀, mi ò sì bi í léèrè ibi tó ń gbé e lọ.